“Ó Ga Jù”: Ó Ga Ju Kí Ni? Ìtàn Ìlà Àwòrán Amóhùnmáwòrán, láti 30 dé 2160



Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti inú ọjà. Àwa ọmọ ni a dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tuntun fún màmá wa, nítorí pé èyí tí ó wà ní yàrá ìgbàlejò wọn ti dẹnu kọlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ọlọ́jà gbé ka iwájú àbúrò mi. Èkíní jẹ́ ínṣì 32, wọ́n kọ 1366 × 768 sí ara páálí rẹ̀. Èkejì jẹ́ ínṣì 43, 1920 × 1080 ni ó wà lára tirẹ̀. Ẹ̀kẹta náà jẹ́ ínṣì 43, ṣùgbọ́n 3840 × 2160 ni wọ́n kọ sí i. Kò sí èyí tí wọn kò kọ lẹ́tà HD sí lára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́jà ní kí àbúrò mi má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò, pé ẹ̀kẹta ni ó “ga jù”, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ sì ga ju ti àwọn yòókù lọ. Àbúrò mi wá bi mí lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ga ju kí ni?”

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé ìbéèrè onímọ̀ èdè ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni “ga” nínú èdè Yorùbá. Bí a bá sọ pé “Òkè yìí ga”, gbólóhùn náà pé, ṣùgbọ́n ohun kan fara sin sínú rẹ̀, èyí tí í ṣe ohun tí a fi òkè náà wé. Bí a bá mú “jù” wọ inú gbólóhùn náà, ohun tí ó fara sin a máa fẹ́ yọjú: ó ga ju igi lọ, ó ga ju ilé lọ. Ẹni tí ó bá kàn ní “ó ga jù”, tí ó sì dákẹ́, ti jẹ wá ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́tà HD pàápàá kò ju ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí a lè túmọ̀ sí “ìhàn-kedere gíga”. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a jọ tọpasẹ̀ gbèsè náà. A ó rí i pé ó ti lé ní 80 ọdún tí àwọn tí ń ṣe amóhùnmáwòrán ti ń pe àwòrán wọn ní gíga, pé ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kò dúró sí ojú kan rí, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìtàn náà kò ní fi owó rẹ̀ ra ohun tí ojú rẹ̀ kò lè rí.

Kí ni à ń kà?

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyí ń kà. Orúkọ tí a fún ẹ̀rọ yìí, amóhùnmáwòrán (a-mú-ohùn-mú-àwòrán), sọ fún wa pé ó ń mú ohùn wá, ó sì ń mú àwòrán wá. Kò sọ bí ó ṣe ń mú àwòrán náà wá. Ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń gé àwòrán sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ìwé. Bí ìlà bá pọ̀, ohun kéékèèké yóò hàn: irun orí, ilà ojú, orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn agbábọ́ọ̀lù. Bí ìlà kò bá pọ̀, ìwọ̀nyí yóò wọ inú ara wọn, wọn yóò sì di ọ̀kan náà.

Nínú ẹ̀rọ òde òní, a tún gé ìlà kọ̀ọ̀kan sí àmì bíńtín-bíńtín tí a ń pè ní píksẹ́lì. Nítorí náà, 1920 × 1080 túmọ̀ sí pé ìlà 1080 ni ó wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, píksẹ́lì 1920 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,073,600.

Gíga ti ọdún 1936

John Logie Baird, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi amóhùnmáwòrán rẹ̀ han àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 26, oṣù Kìíní, ọdún 1926. Ìlà 30 péré ni àwòrán rẹ̀ ní. Bí ẹ bá fa ìlà 30 sí ojú ewé kan, tí ẹ sì gbìyànjú láti ya àwòrán sórí àwọn ìlà náà nìkan, ẹ ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojú ènìyàn kan lè hàn, ẹnu tí ń sọ̀rọ̀ lè hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ya odindi ọjà sí i, ẹ kò ní mọ ẹni tí ń tà yàtọ̀ sí ẹni tí ń rà.

Ní ọdún 1934, ìjọba Ìlú Ọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Lord Selsdon láti wo ọ̀nà tí amóhùnmáwòrán yóò gbà di iṣẹ́ ìlú. Ìròyìn wọn jáde ní oṣù Kìíní, ọdún 1935. Inú rẹ̀ ni a ti bá ọ̀rọ̀ tí ó ń da ojú àwọn oníbàárà rú títí di òní: wọ́n ní kí iṣẹ́ tuntun náà jẹ́ ti ìhàn-kedere gíga. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà san gbèsè ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọ́n là á kalẹ̀ pé ìlà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 240, àti pé àwòrán tí yóò máa jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò gbọdọ̀ dín ní 25. Gíga ju ìlà 30 lọ ni wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 1936, BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti Alexandra Palace ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń lò ní àlòpadà, ọ̀sẹ̀ kan fún èyí, ọ̀sẹ̀ kan fún èyíinì. Ìlà 240 ni ti Baird. Ìlà 405 ni ti Marconi-EMI. Nígbà mìíràn, àwọn ènìyàn Baird ní láti kọ́kọ́ ya àwòrán sórí fíìmù, kí wọ́n fọ̀ ọ́ láàárín bí ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tó lè gbé e sáfẹ́fẹ́. Kámẹ́rà Marconi-EMI ní tirẹ̀ ń sọ àwòrán di iná mànàmáná lójú ẹsẹ̀. Kí oṣù Kejì ọdún 1937 tó parí, wọ́n ti pa ọ̀nà Baird tì. Ìlà 405 ni ó ṣẹ́kù, a sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Ìlú Ọba títí di oṣù Kìíní, ọdún 1985, yàtọ̀ sí àwọn ọdún tí ogun àgbáyé kejì dá iṣẹ́ náà dúró. Ohun tí wọ́n ń pè ní gíga ní ọdún 1936 ti di ohun àtijọ́ tí a rọra sin láìsí ariwo.

Àgbẹ̀ tí ń fo ebè kọ

Ohun kan wà nínú ìlà 405 tí ó tún padà yọ sí ara páálí ẹ̀rọ lónìí. Bí a bá ń gbé àwòrán 25 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú yóò máa rí i pé iná ń ṣẹ́jú. Bí a bá sọ ọ́ di 50, ìṣẹ́jú náà yóò lọ, ṣùgbọ́n ìgbì afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e yóò ní láti fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá ṣe ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe bí ó bá ń kọ ebè: wọ́n kọ ebè kìíní, wọ́n fo èkejì, wọ́n kọ ẹ̀kẹta, wọ́n fo ẹ̀kẹrin, títí wọ́n fi dé òpin oko, wọ́n wá padà sí òkè láti kọ àwọn tí wọ́n ti fò. Ìdajì àwòrán ni ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú sì ń so ìdajì méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́ pe ọ̀nà yìí ní àfòkọ. Òun ni lẹ́tà kékeré “i” dúró fún nígbà tí ẹ bá rí 1080i. Bí a bá kọ gbogbo ìlà tẹ̀lé ara wọn láìfo ọ̀kankan, ẹ jẹ́ kí a pè é ní àkọtẹ̀lé. Òun ni lẹ́tà “p” inú 720p àti 1080p.

Àfòkọ ni ó sì ṣàlàyé ìdí tí nọ́ńbà àtijọ́ wọ̀nyí fi ṣàjèjì. Iye ìlà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kí ìdajì kejì lè bọ́ sí àárín àwọn ìlà ìdajì kìíní. Bákan náà, ó gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí nọ́ńbà kéékèèké, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà ṣe ń ka ìlà. Nítorí náà ni 405 fi jẹ́ 3 × 3 × 3 × 3 × 5. Ẹnikẹ́ni kò kàn já a bọ́ láti ọ̀run.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà tirẹ̀

Lẹ́yìn Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà mú ìlà 525 ní ọdún 1941, èyí tí í ṣe 3 × 5 × 5 × 7. Àwòrán 30 ni tiwọn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé iná ìjọba wọn ń yí ní ìgbà 60, nígbà tí ti Yúróòpù ń yí ní ìgbà 50. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù mú ìlà 625 lẹ́yìn ogun: 5 × 5 × 5 × 5.

Faransé kò tẹ̀lé wọn. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1948, François Mitterrand, tí ó wá di ààrẹ ilẹ̀ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bu ọwọ́ lu òfin tí ó sọ ìlà 819 di ìlànà amóhùnmáwòrán Faransé. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yìí. Nínú ìlà 819 náà, èyí tí ó ń hàn lójú ẹ̀rọ ju 700 lọ. Àwọn yòókù ń kọjá nígbà tí iná ń padà sí òkè. Èyí túmọ̀ sí pé ní ti iye ìlà, Faransé ti súnmọ́ ohun tí a ń pè ní 720 lónìí láti nǹkan bí ọdún 1950, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú àti funfun ni àwòrán náà.

Kí ni ó dé tí 819 kò fi borí? Ìlà púpọ̀ ń fẹ́ ọ̀nà fífẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ibi tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán púpọ̀ ìbá ti gbà, díẹ̀ ni ó ń gbà. Ẹ̀rọ tirẹ̀ náà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aládùúgbò kò lò ó. Nígbà tí Faransé fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kejì sílẹ̀ ní ọdún 1964, ìlà 625 ni wọ́n lò fún un, wọ́n sì pa 819 tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: nọ́ńbà tí ó ga jù kọ́ ni ó máa ń borí, èyí tí ọ̀nà lè gbà, tí àpò sì lè gbé, ni ó ń borí.

Ìdílé 625 ni Nàìjíríà bọ́ sí. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ tí ó fi “àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” ṣe àpèlé ara rẹ̀. Nínú ìlà 625, 576 ni ó ń hàn lójú ẹ̀rọ. Àwòrán tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi dàgbà nìyẹn, títí dé ìgbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí ọ̀nà díjítà láti ìlú Jos ní ọdún 2016.

Jàpáánù bi ojú léèrè

Ẹní bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn ìdíje Òlíńpíìkì tí ó wáyé ní Tokyo ní ọdún 1964, NHK, ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbogbogbòò ti Jàpáánù, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí amóhùnmáwòrán ọjọ́ iwájú. Ohun tí ó mú iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni pé ojú ènìyàn ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí àwòrán ti gbọ́dọ̀ tóbi tó kí òǹwòran tó lè ní ìmọ̀lára pé òun wà níbẹ̀, àti bí ìlà ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ojú má lè rí wọn ní ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìwádìí náà gbé wọn dé ni àwòrán fífẹ̀ tí a ń wò láti ọ̀nà jíjìn tí ó tó ìlọ́po mẹ́ta gíga rẹ̀, pẹ̀lú ìlà tí ó ju 1000 lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n mú ni 1125.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, ọdún 1991, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde láti orí sátẹ́láìtì fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Wọn kò ṣèèṣì mú ọjọ́ náà: oṣù 11, ọjọ́ 25, ni 1125. Ṣùgbọ́n ìṣòro Faransé dé bá àwọn náà. Ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ kò fẹ̀ tó, wọ́n sì ní láti fún àwòrán náà mọ́ra lọ́nà àtijọ́, èyí tí ó ń mú kí ohun tí ó bá ń sáré hàn bàìbàì. Nígbà tí ọ̀nà díjítà dé, ti wọn di ti àná. Wọ́n pa á ní ọdún 2007. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi ojú léèrè kò kú. Òun ni ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo HD tí à ń rà lónìí.

Amẹ́ríkà pín sí méjì

Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ General Instrument ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn lè fi ọ̀nà díjítà gbé àwòrán gíga gba inú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo irú èyí tí amóhùnmáwòrán àtijọ́ ń lò. Àwọn tí wọ́n ń figagbága parapọ̀ ní ọdún 1993, ìjọba sì fọwọ́ sí ìlànà wọn ní oṣù Kejìlá, ọdún 1996. Ìfúnpọ̀ ni àṣírí rẹ̀. Àwòrán 1080 tí a kò fún pọ̀ ń fẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù kan bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀nà wọn kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù 19 lọ. Ẹ̀rọ ní láti ju èyí tí ó pọ̀ jù nù, kí ó sì fi ọgbọ́n ṣe é tí ojú kò fi ní fura.

Nọ́ńbà 1080 náà kò ṣòro láti túmọ̀. Ojú ẹ̀rọ tuntun fẹ̀ ní ìdá 16 sí ìdá 9. Bí ẹ bá pín 1920 sí ọ̀nà 16, ẹ ó rí 120; 120 ní ìgbà 9 sì jẹ́ 1080. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan wá ní igun mẹ́rin tí ó dọ́gba.

Ibi tí wọ́n ti pín ni èyí: ABC àti Fox mú 720p, CBS àti NBC mú 1080i. Ta ni ó ga jù? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Lọ́nà 720p, odindi àwòrán 60 ni ó ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní píksẹ́lì 921,600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 55,296,000. Lọ́nà 1080i, ìdajì àwòrán 60 ni ó ń jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1,036,800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 62,208,000. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá gbọ́ “720” àti “1080” lásán yóò rò pé èkíní kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta èkejì lọ. Eré ìdárayá tí ń sáré dára lọ́nà 720p, nítorí pé kò sí ìlà tí a fò. Àwòrán tí ó dúró jẹ́ẹ́ dára lọ́nà 1080i. Kò sí èyí tí ó ga ju ìkejì lọ láìsí pé a sọ ohun tí à ń wò.

Ohun tí ó wà lára páálí

Ní oṣù Kìíní, ọdún 2005, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ní Yúróòpù gbé àmì “HD ready” jáde fún ẹ̀rọ tí ó bá ní ìlà 720 ó kéré tán. Ẹ̀rọ ìlà 768 wà lábẹ́ àmì yìí: ó lè gba àwòrán 1080, ṣùgbọ́n ó ní láti rún un kí ó tó lè gbé e hàn. Ní ọdún 2006, àwo Blu-ray dé pẹ̀lú 1080p, “Full HD” sì di orin ọjà. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, ọdún 2012, àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò lórí “Ultra HD” fún 3840 × 2160. Gíga, gíga tán, gíga ju gíga lọ: ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti ń sáré tẹ̀lé ara wọn.

Orúkọ tí ọjà ń pe 3840 × 2160 jù lọ ni 4K, ọgbọ́n kan sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a ń sọ 405, 625, 720 àti 1080, ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni à ń kà. Ṣùgbọ́n “4K” kò ka ìlà mọ́. Ìbú ni ó ń kà, ìyẹn 3840, tí wọ́n sún dé 4000. Etí tí ó ti mọ́ 1080 lára yóò gbọ́ 4000, yóò sì rò pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ní ti ìlà. Ìlà rẹ̀ kò ju 2160 lọ, ìlọ́po méjì. Lóòótọ́ ni píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin ti 1080, nítorí pé ìbú náà di ìlọ́po méjì. A kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń kà ni a yí padà láìsọ.

Níbo ni ẹ ó jókòó sí?

Ojú tí ó dára ń mọ ohun méjì yàtọ̀ síra bí àlàfo wọn bá tó ìdá kan nínú 60 ti dígíríì kan. Bí ó bá kéré sí èyí, ojú yóò rí wọn bí ọ̀kan. Láti inú èyí ni a ti lè ṣírò ibi tí ìlà yóò ti pòórá. Fún ìlà 720, bí ẹ bá ti jókòó jìnnà ju nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún gíga ojú ẹ̀rọ lọ, ẹ kò ní rí ìlà mọ́. Fún 1080, ó jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí NHK ti rí i. Fún 2160, ó jẹ́ bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀.

Ojú ẹ̀rọ ínṣì 43 ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 54. Ìlà 1080 rẹ̀ yóò pòórá bí ẹ bá jókòó ju mítà 1.7 lọ. Kí ẹ tó lè jẹ gbogbo àǹfààní ìlà 2160 lórí ìwọ̀n kan náà, ẹ ní láti súnmọ́ ọn tó sẹ̀ǹtímítà 85, bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí yóò bá lò ó láti ka ìwé àti láti kọ̀wé lè rà á láìkábàámọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ ńlá tí ó sì jókòó súnmọ́ ọn. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ẹ̀rọ 2160 kan lè ní àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tí ó dára ju ti ẹ̀rọ 1080 kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ni ẹ rà, ìlà kọ́.

Láti ibo ni àwòrán ti wá?

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ni èyí tí ọlọ́jà kì í bi oníbàárà. Màmá wa fẹ́ràn fíìmù Yorùbá, àwo VCD àtijọ́ sì kún inú àpótí wọn. Àwòrán VCD ní ìlànà tiwa jẹ́ 352 × 288, àpapọ̀ píksẹ́lì 101,376. Ojú ẹ̀rọ 1080 ní ìlọ́po 20 rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ 2160 ní ìlọ́po 80 ó lé díẹ̀. Níbo ni ẹ̀rọ yóò ti rí píksẹ́lì yòókù? Yóò méfò ni. Yóò wo èyí tí ó wà, yóò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ dí àlàfo. Ẹ̀rọ lè ṣe èyí dáadáa, ó sì lè ṣe é ní ìdàkudà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dá ilà ojú tí kámẹ́rà kò yà padà sí ojú òṣèré.

Mo bi àbúrò mi pé, “Báwo ni àga Màmá ti jìnnà sí ògiri tó?” Ó ní yóò tó mítà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ parí. Ní mítà mẹ́ta, ìlà ẹ̀kẹta àti ti èkejì kò yàtọ̀ sí ara wọn lójú ẹnikẹ́ni, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹni tí ó ti lé ní 70 ọdún. Ìlà ti èkíní pàápàá yóò ti pòórá níbẹ̀. Ohun tí èkejì fi sàn jù ú lọ ni títóbi, títóbi yìí gan-an ni ojú àgbà sì ń fẹ́. Èkejì ni a rà. Owó tí ó ṣẹ́kù ni a fi mú Màmá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú, tí wọ́n fi gba awò tuntun. Ìgbà tí wọ́n fi awò náà sójú ni wọ́n tó sọ pé àwòrán ẹ̀rọ tuntun náà mọ́ kedere.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ohun kan “ga jù”, ẹ jẹ́ kí ó san gbèsè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ga ju kí ni? Láti ibo ni a óò ti máa wò ó? Kí ni a óò sì gbé sí i lójú? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ra ọjà rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i pé ó kú ọjà o, kí ẹ sì kọjá lọ.

Ó dàbọ̀ ná.